Abẹ́rẹ́ ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró ààrẹ Kòríà tẹ́lẹ̀! Ohun tójú ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ onísègùn alábẹ́rẹ́ máa ń rí

Ikọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Roh Tae-woo tó ṣe ààrẹ ilẹ̀ South Korea láti ọdún 1988 sí 1993 ló ń wúkọ́, ikọ́ náà kò sì lọ, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ọsibítù yunifásítì tó wà ní Seoul, olú-ìlú wọn, lóṣù kẹrin, ọdún 2011. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni bàbá náà nígbà yẹn. Nígbà táwọn dókítà ya fọ́tò àyà rẹ̀, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Abẹ́rẹ́ ni! Abẹ́rẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà àtààbọ̀ ló jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá ọ̀tún.

Ká ní ilẹ̀ Yorùbá nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni, ẹjọ́ náà ì bá ti kúrò ní ti dókítà. Wọn ì bá ní ayé ló ta bàbá lábẹ́rẹ́ lójú oorun, àwọn mọ̀lẹ́bí ì bá sì ti máa wo ara wọn níwòkuwò. Ṣùgbọ́n ní Seoul, gbàrà tí wọ́n fa nǹkan náà jáde ni wọ́n ti mọ irú abẹ́rẹ́ tó jẹ́. Abẹ́rẹ́ àwọn onísègùn ìbílẹ̀ wọn ni, èyí tí wọ́n máa ń gún sára aláìsàn kí ìrora lè fi í sílẹ̀, táwọn òyìnbó ń pè ní acupuncture. Ibi tó gbà dé inú ẹ̀dọ̀fóró ni kò yé ẹnikẹ́ni, àwọn dókítà tó yọ ọ́ gan-an ní àwọn kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ọlọ́run sì yọ bàbá náà o, nítorí ó tún lo ọdún mẹ́wàá láyé kó tó kú lóṣù kẹwàá, ọdún 2021.

Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn lè búra pé òun kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún òun nírú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àìmọye èèyàn ló ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn alábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ní Ṣáínà, ní Japan, ní Amẹ́ríkà àti ní London, tí wọ́n ń dìde lọ sílé wọn ní àlàáfíà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lókè òkun náà ń rí ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́bàá títì, pẹ̀lú àwòrán èèyàn tí wọ́n to àmì róbótó-róbótó sí lára láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro látàrí kó máa jókòó nínú danfo fún wákàtí mẹ́ta láàárọ̀, wákàtí mẹ́ta nírọ̀lẹ́, táwọn ọmọ ẹ̀ sì ń pè é láti òkè òkun pé, "Màámi, ẹ wá gbìyànjú nǹkan yìí nígbà tẹ́ ẹ bá dé," ó yẹ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ẹ́ dúró dè kó tó tú aṣọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé èèyàn ni pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún síni nídìí ni. Ìyẹn ní ihò nínú, oògùn ló sì ń gbà níbẹ̀ wọ ara. Abẹ́rẹ́ tàwọn Ṣáínà kò ní ihò, kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀, ó tín-ín-rín débi pé ó ń tẹ̀ bí irun ẹṣin tèèyàn bá fọwọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń fi í wé gbẹ́rẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni gbẹ́rẹ́, ọ̀tọ̀ ni èyí. Ẹni tó sín gbẹ́rẹ́, abẹ ló fi la ara, ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n sì fi oògùn ra ojú ẹ̀. Oògùn yẹn niṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ní tiẹ̀ kò fi nǹkan kan sí i. Yóò gún un, yóò fi í sílẹ̀ díẹ̀, yóò yọ ọ́, ó parí.

Báwo wá ni abẹ́rẹ́ lásán ṣe fẹ́ẹ́ wo èèyàn sàn? Àlàyé àwọn Ṣáínà, tó ti wà nínú ìwé wọn kan tí wọ́n ń pè ní Huangdi Neijing láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ni pé agbára kan wà tó ń ṣàn kiri ara ọmọ èèyàn. Qi ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé "ṣí" ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Ọ̀nà méjìlá pàtàkì ni wọ́n ní ó ń gbà. Bí ọ̀nà kan bá dí, bí ìgbà tí gọ́tà dí ládùúgbò ni, omi yóò gba ibi tí kò yẹ, ìrora yóò sì dé. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń la ọ̀nà náà. Ojú ibi tí wọ́n lè gún tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí orúkọ wọn jẹ́ 361, ibi tí wọ́n sì gún lè jìnnà sí ibi tó ń dunni. Ẹni tí orí ń fọ́ lè rí i pé àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là òun ni wọ́n kọjú sí. Ẹni tí inú ń rìn lè rí i pé abẹ́ ọrùn ọwọ́ tàbí ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí.

Bí wọ́n ṣe ń dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò láyé àtijọ́ nìkan tó ìròyìn. Ní nǹkan bí ọdún 1027, oníṣègùn ààfin kan tó ń jẹ́ Wang Weiyi ní kí wọ́n fi idẹ rọ ère èèyàn, tó ga tó èèyàn gidi, wọ́n sì lu ihò sí gbogbo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Wọn a fi ìda dí àwọn ihò náà pa, wọn a bu omi kún inú ère, wọn a ní kí ẹni tó ń ṣèdánwò gún un. Bó bá gún un síbi tó yẹ, omi yóò tú jáde. Bí kò bá sómi, kó padà lọ kàwé ẹ̀ ni.

Àmọ́ káwọn tó rò pé àwọn Ṣáínà kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan yìí rí gbọ́ o: àwọn gan-an ti lé e síta rí. Lọ́dún 1822, ọba wọn pàṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ààfin mọ́. Lọ́dún 1929, àwọn kan nínú ìjọba tó wà níbẹ̀ nígbà náà tún dìde pé kí wọ́n fòpin sí ìṣègùn ìbílẹ̀ pátápátá, àfi ìgbà tí àwọn onísègùn fárígá. Ìgbà tí Mao Zedong gbàjọba lọ́dún 1949, tó rí i pé èèyàn pọ̀ rẹpẹtẹ, dókítà òyìnbó ò sì tó nǹkan, ló wá gbé e sókè padà. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àtayébáyé lóde òní, ọdún 1950 sókè ni wọ́n tò ó bó ṣe wà yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dé etí àwọn ará Amẹ́ríkà dáadáa àfi lọ́dún 1971. James Reston, gbajúmọ̀ akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn New York Times, ló lọ sí Beijing, ni àpẹ́ńdíìsì bá dá a dúró. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ ọ́ kiri títí dòní pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa ìrora tí wọ́n fi la ikùn rẹ̀. Irọ́ ni. Oògùn apàmọ̀lára tí gbogbo dókítà ń lò ni wọ́n lò. Ìgbà tí inú wá ń kún un lóru ọjọ́ kejì ni wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ mẹ́ta, ní ìgúnpá ọ̀tún àti lábẹ́ orúnkún méjèèjì, tí wọ́n sì ń fi ewé tí wọ́n tanná ràn yá ikùn ẹ̀. Ó ní láàárín wákàtí kan, inú náà ti rọlẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lóṣù keje ọdún náà, bí ààrẹ Nixon sì ṣe lọ sí Ṣáínà lóṣù kejì ọdún 1972, niṣe ni gbogbo Amẹ́ríkà ń béèrè abẹ́rẹ́.

Ibi tí wàhálà wà fún ẹni tó fẹ́ẹ́ gba ìtọ́jú ni pé alábẹ́rẹ́ méjì lè wà ládùúgbò kan náà, kí ohun tí wọ́n ń ṣe má sì jọra rárá. Tàwọn Ṣáínà ló gbilẹ̀ jù. Abẹ́rẹ́ wọn máa ń wọlé dáadáa, wọ́n sì máa ń yí i nínú ara títí tí aláìsàn yóò fi ní òun mọ̀ ọ́n. Tàwọn ará Japan rọ̀ ju ìyẹn lọ. Abẹ́rẹ́ tiwọn tún tín-ín-rín sí i, òkè awọ ara ni wọ́n sábà máa ń fi mọ, ẹlòmíì kò sì ní í mọ̀ pé wọ́n ti gún òun. Afọ́jú kan tó ń jẹ́ Sugiyama Waichi, tí wọ́n bí lọ́dún 1610, ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ lé e dànù pé kò lè mọ̀ ọ́n ṣe, ó wá lọ gbààwẹ̀ ní erékùṣù Enoshima, nígbà tó ń bọ̀ ló fẹsẹ̀ kọ òkúta, ó ṣubú, nǹkan kan sì gún un. Ó fọwọ́ wá a kiri, ló bá rí i pé ewé igi kan tó ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ló wà nínú ọparun. Níbẹ̀ ló ti ronú pé kí òun máa ki abẹ́rẹ́ bọ inú ọ̀pá kékeré, kí òun gbé ọ̀pá náà sára èèyàn, kí òun wá fi ìka kan án wọlé. Bóyá ìtàn yẹn rí bẹ́ẹ̀ àbí kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá kékeré náà wà lóòótọ́. Òun ni wọ́n fi ń gún ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé dòní, ó sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó dunni. Sugiyama tún dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ táwọn afọ́jú ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Àwọn ará Kòríà ní ti ọwọ́ nìkan, níbi tí wọ́n ti gbà pé gbogbo ara èèyàn ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn J. R. Worsley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ibi tó ń dunni, ìwà èèyàn, àwọ̀ ojú ẹ̀ àti ohùn ẹnu ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ń ṣètọ́jú eré ìdárayá, àwọn físíò, sì ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní dry needling. Àwọn kò gba ọ̀rọ̀ qi gbọ́, ibi tí iṣan bá ti di kókó ni wọ́n ń gún, èyí sì máa ń dunni ju gbogbo ìyókù lọ, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ṣe é kó gbọ́n.

Ti etí ló wá yani lẹ́nu jù. Dókítà ilẹ̀ Faransé kan, Paul Nogier, ní ìlú Lyon, ló gbé e jáde láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ó ní bí èèyàn bá wo etí dáadáa, yóò rí i pé ó dà bí ọmọ inú oyún tó dorí kodò, orí ẹ̀ wà níbi tí wọ́n ń fi yẹtí sí, ìdí ẹ̀ wà lókè. Nítorí náà, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, òkè etí ni kí wọ́n gún.

Ẹni tó bá sì ń gbọ́ orin Tupac Shakur kò ní í mọ̀ pé ọkọ ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó sọ abẹ́rẹ́ etí di nǹkan ńlá ní Amẹ́ríkà. Lóṣù kọkànlá, ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ Puerto Rico tí wọ́n ń pè ní Young Lords àtàwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn ya wọ ọsibítù Lincoln ní South Bronx, ní New York, wọ́n ní àwọn kò kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá wá nǹkan ṣe sọ́rọ̀ heroin tó ń pa àwọn ọmọ àdúgbò bí adìẹ. Oògùn tí ìjọba ń fún àwọn tó bá fẹ́ẹ́ jáwọ́ ni methadone. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan ni wọ́n tú tí wọ́n fi òmíràn dè wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá gbọ́ pé dókítà kan ní Hong Kong ń fi abẹ́rẹ́ etí ran àwọn tó ń mu ọ́píọ̀mù lọ́wọ́, wọ́n kọ́ ọ. Mutulu Shakur, tó fẹ́ Afeni, ìyá Tupac, wà lára àwọn tó kọ́ ọ dójú àmì. Ó di onísègùn alábẹ́rẹ́ gidi. Ìjọba ìlú lé wọn kúrò ní Lincoln lọ́dún 1978, ó lọ ṣí tiẹ̀ sí Harlem.

Ibi tọ́rọ̀ rẹ̀ parí sí kò dára. Wọ́n ní ó wà nídìí ìdigunjalè ọkọ̀ akówó Brink's tó wáyé lọ́dún 1981, níbi tí ọlọ́pàá méjì àti ẹ̀ṣọ́ kan ti kú, ó sá lọ, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1986, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọgọ́ta ọdún. Ìgbà tí àìsàn jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́ lára ni wọ́n tó fi í sílẹ̀ lóṣù kejìlá, ọdún 2022. Oṣù keje, ọdún 2023 ló kú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ márùn-ún tí wọ́n ń gún sí etí kọ̀ọ̀kan, tí dókítà Michael Smith tó kù sí Lincoln ń bá lọ, di ohun tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lé lórí lọ́dún 1985, àwọn ilé ìtọ́jú kan sì ṣì ń lò ó fáwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró. Aláìsàn a jókòó pọ̀ nínú yàrá kan, kálukú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ létí, wọn kò ní í sọ̀rọ̀, òmíràn a tiẹ̀ sùn lọ. Ó ń fọkàn ẹni balẹ̀, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ bóyá òun gan-an ló ń mú èèyàn jáwọ́ lọ̀rọ̀ ti pọ̀ sí. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2002 lórí àwọn 620 tí kokéènì ti di bárakú fún fi hàn pé àwọn tí wọ́n gún létí níbi tó yẹ kò ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ tàbí àwọn tó kàn wo fídíò tó ń fara balẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ yìí gan-an ló gbé gbogbo ẹjọ́ dání. Àwọn ará Jámánì dán an wò lórí àwọn 1,162 tí ẹ̀yìn ń dùn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn kan bí ìwé àwọn Ṣáínà ṣe wí. Wọ́n gún àwọn kan láìwọlé púpọ̀, síbi tí kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wọn. Wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn àti eré ìmárale bí dókítà ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n gún bó ṣe yẹ, bíi 48 lára ti yá díẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n gún gbúngbun, 44. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ń lo oògùn, 27 péré.

Ẹ ò rí nǹkan! Alábẹ́rẹ́ yóò ní, ẹ rí i bí, mo sàn ju oògùn lọ, òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ yóò ní, ibi tẹ́ ẹ gún kò ṣe pàtàkì nígbà náà, kí wá ni gbogbo ariwo ọ̀nà méjìlá? Òun náà kò purọ́. Ohun tó jọ pé ó wà níbẹ̀ ni pé bí abẹ́rẹ́ bá ti wọ ara, ara fúnra rẹ̀ máa ń tú nǹkan tó ń pa ìrora sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan ti fún aláìsàn náà ní odidi wákàtí kan, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó sinmi. Ìgbà wo ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un gbẹ̀yìn lọ́sibítù tó ti tò sórí ìlà láti aago márùn-ún ìdájí? Ìyẹn náà wà lára ìtọ́jú.

Àwọn tó ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìlera gan-an kò dúró sójú kan. Lọ́dún 2009, wọ́n ní kí wọ́n máa gún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Lọ́dún 2016, wọ́n ní kí wọ́n má gún wọn mọ́. Lọ́dún 2021, wọ́n tún ní ó ṣeé lò fún ìrora tó ti pẹ́ lára tí wọn kò rí ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kò yí padà ni ti ẹ̀fọ́rí. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ní kí ẹni tí túúlu tàbí ẹ̀fọ́rí lemọ́lemọ́ ń bá fínra gbà á tó ìgbà mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ, kó má baà máa dé lemọ́lemọ́. Orúnkún tó ń dunni, ọrùn tó le gan-an, èébì tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àwọn olùwádìí kan rí i pé ó lè rọ àwọn náà lójú. Ohun tó kọjá ìrora àti èébì, kí èèyàn rora.

Ó wá ku bí yóò ṣe rí nínú yàrá. Kí ẹni tó ń lọ jẹun díẹ̀ kó tó kúrò nílé, nítorí ẹni tí kò jẹun ni òòyì sábà máa ń kọ́ lórí ibùsùn. Kó wọ aṣọ tó ṣeé ká sókè, ìró àti bùbá kò burú. Kó má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ha ahọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí ahọ́n wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ wò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Wọn yóò béèrè oorun, ìgbẹ́, ìtọ̀, oúnjẹ, nǹkan oṣù obìnrin, ohun tó ń bíni nínú. Yóò dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ẹ́ tọpinpin. Alábẹ́rẹ́ ti Ṣáínà yóò fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, yóò tún tẹ ti òsì, yóò máa gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò ní kó dùbúlẹ̀. Wọn yóò fi spírítì nu ojú ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ márùn-ún sí ogún ni, bó bá ṣe yẹ. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé yóò ta á díẹ̀ bí ìgbà tí èèrà géni jẹ. Láìpẹ́, ojú ibẹ̀ lè wúwo, tàbí kó máa dà bí ẹni pé nǹkan ń fa ẹran ibẹ̀ nínú, tàbí kó gbóná. Èyí ni àwọn Ṣáínà ń wá, àmì pé qi ti dé ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n bó bá ta á ṣàì bí iná mànàmáná tó sá gba ẹsẹ̀ lọ, kó pariwo kíá, abẹ́rẹ́ ti kan iṣan tí kò yẹ kó kàn nìyẹn. Wọn yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló ń hanrun níbẹ̀. Àwọn kan yóò so wáyà mọ́ abẹ́rẹ́, iná díẹ̀ yóò máa ta á fìrì-fìrì. Àwọn kan yóò tanná ran ewé gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara kó lè gbóná. Àwọn mìíràn yóò fi ife fa ara mọ́ra, irú iṣẹ́ tí ìwo ń ṣe lọ́wọ́ àwọn wánsámù, òun ló fi àmì róbótó dúdú-dúdú sí èjìká Michael Phelps, òmùwẹ̀ Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé rí i níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2016. Kò sí èwu níbẹ̀, ó ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ewu ńkọ́? Àwọn ará Jámánì kan náà tọ́jú àkọsílẹ̀ èèyàn 229,230 tó gba abẹ́rẹ́, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2009. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi mẹ́sàn-án ló sọ pé nǹkan kan ṣe òun, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí ara tó dúdú ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èèyàn méjì péré ni abẹ́rẹ́ lu ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ìyẹn kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n dókítà àtàwọn tó kọ́ṣẹ́ ló gún wọn o, kì í ṣe ẹni tó wo fídíò lánàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ìwé àṣẹ ìjọba kó tó pe ara rẹ̀ ní alábẹ́rẹ́. Nítorí náà, kí èèyàn béèrè ilé ẹ̀kọ́ tó lọ àti ẹgbẹ́ tó wà, ì báà jẹ́ London, ì báà jẹ́ Ìkẹjà, kó má tijú.

Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú bébà rẹ̀ tó lẹ̀ pa, ojú aláìsàn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ya á, lílò kan ni, wọn yóò sì jù ú sínú ike líle tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àlòkù sí. Ẹni tó bá ní òun yóò sè é kóun tún lò ó fún ẹlòmíì, kí èèyàn gbé báàgì ẹ̀ ni. Kòkòrò éèdì àti kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kò mọ abẹ́rẹ́ Ṣáínà yàtọ̀ sí abẹ gbẹ́rẹ́. Aboyún gbọ́dọ̀ sọ pé òun lóyún, bí ò tíì hàn sóde pàápàá. Kí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sọ ọ́, kí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lókàn má gbà kí wọ́n so wáyà mọ́ òun.

Ibi tó ń dunni jù lọ ni ti àwọn tó ń torí abẹ́rẹ́ pa oògùn wọn tì. Abẹ́rẹ́ kò wo ibà. Kò wo ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà tó gbé oògùn ẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé alábẹ́rẹ́ ní ara rẹ̀ ti balẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pè. Bí ẹ̀yìn bá ń dunni, tí ẹsẹ̀ wá ń kú tìpìrì, tí ìtọ̀ ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí àyà dédé ń fún mọ́ni, ọsibítù ni o, kíá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alábẹ́rẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré kì í sábà tó. Àwọn alábẹ́rẹ́ a máa ní kéèyàn wá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn aláìṣòótọ́ ti ń fa owó yọ, wọn yóò ní kó san ti ìgbà ogún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò ìlera Medicare tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò fáwọn arúgbó ti rí ọgbọ́n dá sí i. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ti ń sanwó abẹ́rẹ́ fún ẹni tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń dùn fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ìgbà méjìlá ni wọ́n ń san láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bí ara bá ti ń mókun, wọ́n á fi ìgbà mẹ́jọ kún un, kò sì gbọdọ̀ ju ogún lọ lọ́dún. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, wọ́n á dáwó dúró.